Yíya mẹ́mọ́rì sọ́tọ̀ fún dump nígbà tí kernel Linux bá dákú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ Linux lórí x86_64 tàbí arm64. Root ló ń ṣe gbogbo àṣẹ tó wà níbí. Níbi tí RHEL àti Fedora bá ti yàtọ̀ sí Ubuntu, a sọ tọ̀tún tòsì.

Kí ni crashkernel= wà fún?

Nígbà tí kernel bá dákú, ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lákòókò yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù nípa ohun tó pa á. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ̀rí ti parẹ́ nìyẹn. Kdump ló ń gba ẹ̀rí yìí sílẹ̀; ẹ̀dà mẹ́mọ́rì tó bá gbà sílẹ̀ là ń pè ní dump. Ó ti gbé kernel kejì sínú mẹ́mọ́rì kí wàhálà tó dé. Bí ti àkọ́kọ́ bá panic (ìyẹn ni pé ó dákú), kexec á fò tààrà bọ́ sínú ìkejì láì gba ọ̀dọ̀ BIOS tàbí UEFI kọjá, mẹ́mọ́rì ò sì ní parẹ́. Kernel kejì á rí mẹ́mọ́rì ti àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì kan, `/proc/vmcore`. Á dà á kọ sí dísìkì tàbí kí ó fi ránṣẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà á tún ẹ̀rọ tàn.

Kernel kejì yìí nílò àyè tí yóò jókòó sí. `crashkernel=`, tí a ń kọ sí ìlà àṣẹ kernel, ló ń sọ bí àyè náà yóò ṣe tóbi tó. Kdump ti wà nínú Linux láti ẹ̀dà 2.6.13, ní 2005.

Kí ló dé tí ìyàsọ́tọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn? Ṣé kernel ò lè wá àyè lọ́jọ́ tó bá dákú ni?

Kò lè ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, kernel tó ti dákú kì í ṣe ẹni tí a lè gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ mọ́. Ó lè jẹ́ apá tó ń pín mẹ́mọ́rì gan-an ló bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé lọ́ọ̀kì tó nílò wà lọ́wọ́ CPU tó ti kú. Ohun tó kọ́ Linux lọ́gbọ́n nìyí: àwọn ọ̀nà àtijọ́ bíi LKCD, netdump àti diskdump ní kí kernel tó dákú fúnra rẹ̀ kọ dump sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kùnà níbi tí a ti nílò wọn jù.

Ìkejì, àyè náà gbọ́dọ̀ so mọ́ ara rẹ̀ láì ní àlàfo láàárín. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́mọ́rì ti gé sí wẹ́wẹ́, ó sì ṣòro láti rí 256 MiB tó wà pa pọ̀.

Ìdí kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn, òun ló sì wúwo jù. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti controller dísìkì máa ń kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì fúnra wọn, láì gba ọwọ́ CPU. DMA nìyẹn. Bí kernel bá dákú, kò sí ẹni tó sọ fún káàdì náà pé kó dúró. Packet tó bá wọlé lẹ́yìn ìdákú ṣì máa bọ́ sí àdírẹ́sì tí kernel àkọ́kọ́ fi hàn án. Bí kernel kejì bá ti jókòó sórí àdírẹ́sì yẹn, packet á pa kóòdù rẹ̀ rẹ́, òun náà á sì dákú láì jẹ́ kí a mọ ìdí. Ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a ò fún driver kankan rí, nìkan ni ewu yìí kò dé.

Ṣé mẹ́mọ́rì tí mo bá yà sọ́tọ̀ ti lọ pátápátá nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kernel àkọ́kọ́ ò ní lò ó, `free -h` ò sì ní kà á. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo wà, ìyẹn `,cma`, a máa dé orí rẹ̀.

Mélòó ló yẹ kí n yà sọ́tọ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tí distro (irú Linux) yín fúnra rẹ̀ yàn. RHEL 9 lórí x86_64 jáde pẹ̀lú ìlà yìí:

`crashkernel=1G-4G:192M,4G-64G:256M,64G-:512M`

Ubuntu tuntun ń lo èyí:

`crashkernel=2G-4G:320M,4G-32G:512M,32G-64G:1024M,64G-128G:2048M,128G-:4096M`

Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Ẹ̀rọ kan náà tó ní RAM 256 GiB yóò yọ̀ǹda 512 MiB lábẹ́ ti àkọ́kọ́, yóò sì yọ̀ǹda 4 GiB lábẹ́ ti ìkejì. Ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé kò sí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo ẹ̀rọ mu.

Ohun tó ń jẹ àyè náà pín sí mẹ́rin: kernel fúnra rẹ̀, initramfs (àwọn fáìlì tí kernel ń lò kí ó tó rí dísìkì) lẹ́yìn tó bá ti tú, mẹ́mọ́rì tí àwọn driver ń bèèrè nígbà tí wọ́n bá ń jí hardware, àti makedumpfile tó ń ka vmcore. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí RAM bá ti pọ̀ tó ni àyè náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Makedumpfile ń lo bit kan fún ojúewé mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán-bit kan, méjì irú rẹ̀ ló sì ń lò. RAM 1 TiB ní ojúewé 4 KiB tó jẹ́ 268,435,456. Àwòrán-bit kan jẹ́ 32 MiB, méjèèjì jẹ́ 64 MiB. Bí èyí bá ju àyè tó wà lọ, makedumpfile á gé iṣẹ́ náà sí ìpín-ìpín, tí wọ́n ń pè ní ipò cyclic, á sì máa ṣe é léraléra. Ó máa lọ́ra, àmọ́ á parí.

Driver ni olójúkòkòrò. HBA Fibre Channel (káàdì tó ń so server mọ́ dísìkì ìta) àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ayára-bí-àṣá máa ń ṣí ìlà púpọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba buffer tirẹ̀. Nítorí náà, server ńlá tó ní dísìkì NVMe kan ṣoṣo lè rọra gba dump rẹ̀ pẹ̀lú 512 MiB, nígbà tí server kékeré tó kún fún HBA yóò kú sí 256 MiB. Ẹ ka hardware yín kí ẹ tó ka RAM.

Lórí arm64 tó ń lo ojúewé 64 KiB, ẹ fi kún un. Ohun kékeré tó yẹ kó gba 4 KiB ń gba 64 KiB níbẹ̀.

Lórí RHEL àti Fedora, àṣẹ yìí á bá yín ṣírò:

`kdumpctl estimate`

Ó máa sọ iye tó wà nílẹ̀, iye tó dábàá, ìwọ̀n kernel, ti initramfs, àti àwọn module tó tóbi jù. Àwọn module yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Síbẹ̀, ìṣirò kò mọ gbogbo ohun tí driver yóò bèèrè nígbà tó bá jí. Ìdánwò tó wà nísàlẹ̀ ló ń dájọ́. Bí dump bá kùnà nítorí àyè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ẹ sì tún dán an wò. Kí ènìyàn máa du 64 MiB lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 128 GiB kò bá ọgbọ́n mu.

Báwo ni a ṣe ń ka `1G-4G:192M,4G-64G:256M`?

Kí colon tó dé ni ìwọ̀n RAM ẹ̀rọ wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni iye tí a ó yà sọ́tọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òpin kò sí nínú rẹ̀: ẹ̀rọ tó ní 4G gan-an bọ́ sí ìpín kejì. Bí òpin bá ṣófo, bíi `64G-:512M`, kò sí ààlà lókè. Ẹ má fi àlàfo sáàárín.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ ni ìṣírò RAM. Firmware máa ń mú díẹ̀ lára RAM fún ara rẹ̀, nítorí náà virtual machine tí ẹ fún ní 2G lè dé ọ̀dọ̀ kernel pẹ̀lú iye tí kò pé 2G. Kernel tuntun ń gbé iye náà sókè dé ìlọ́po 128M tó tẹ̀ lé e, ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá dúró sí ẹnu ààlà gan-an, ẹ fa ìbẹ̀rẹ̀ ìpín náà sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí ìpín kankan, kernel ò ní yà ohunkóhun sọ́tọ̀, kò sì ní pariwo. Gbólóhùn kan péré ni ẹ ó rí nínú dmesg (àkọsílẹ̀ kernel): `crashkernel size resulted in zero bytes`.

Àǹfààní ìpín ni pé bí ẹ bá fi RAM kún ẹ̀rọ, iye tuntun á wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tún tàn.

Àwọn ìgbésẹ̀ wo ni ti RHEL àti Fedora?

Ẹ fi kexec-tools sórí ẹ̀rọ. Lórí RHEL 10 àti Fedora tuntun, ẹ fi kdump-utils àti makedumpfile kún un. Bí ẹ bá fẹ́ ìwọ̀n tó bá distro wá:

`kdumpctl reset-crashkernel --kernel=ALL`

Bí ẹ bá fẹ́ ìwọ̀n tiyín:

`grubby --update-kernel=ALL --args="crashkernel=512M"`

Lẹ́yìn náà `systemctl enable kdump`, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn. Ìtàntàn yẹn kò ṣeé yẹra fún. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn ni ìyàsọ́tọ̀ ń wáyé.

Ẹ kíyè sí ẹ̀rọ tó ti RHEL 8 wá. `crashkernel=auto` ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí Red Hat fi í kún kernel tirẹ̀. Kò sí nínú kernel Linux gbogbogbòò, RHEL 9 sì ti yọ ọ́ kúrò. Bí ọ̀rọ̀ `auto` bá ṣì wà lórí ìlà àṣẹ lẹ́yìn ìgbésókè, kò sí ohun tí a yà sọ́tọ̀.

Ti Ubuntu ńkọ́?

`apt install linux-crashdump`, èyí tó máa fa kdump-tools wá. Ìwọ̀n wà nínú `/etc/default/grub.d/kdump-tools.cfg`. Ẹ yí i padà níbẹ̀, ẹ ṣe `update-grub`, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Nínú `/etc/default/kdump-tools`, `USE_KDUMP` gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Bí gbogbo rẹ̀ bá tò, `kdump-config show` á sọ pé `ready to kdump`.

Mo kọ 1G sí /etc/default/grub ní Ubuntu, síbẹ̀ ìwọ̀n àtijọ́ ni mò ń rí. Kí ló fà á?

Bí `crashkernel=` bá wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà àṣẹ, èyí tó gbẹ̀yìn ni kernel ń gbà. `/etc/default/grub` ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn fáìlì inú `grub.d`, èyí tó ń so ti ara rẹ̀ mọ́ ìparí. Tiyín wà níwájú, tiwọn wà lẹ́yìn, tiwọn ló sì borí. Ẹ wo `cat /proc/cmdline`, ẹ ó rí méjèèjì. Ẹ yí èyí tó wà nínú `kdump-tools.cfg`, kí ẹ pa ti `/etc/default/grub` rẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àyè náà wà lóòótọ́?

Ohun méjì ni ẹ máa yẹ̀ wò, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: bóyá a ti ya àyè sọ́tọ̀, àti bóyá kernel kejì ti wà nínú rẹ̀.

`cat /sys/kernel/kexec_crash_size`
`cat /sys/kernel/kexec_crash_loaded`

Ti àkọ́kọ́ ń sọ iye byte. 268435456 jẹ́ 256 MiB. Ti ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0, ìṣòro wà lórí ìlà àṣẹ tàbí ní àyè. Bí àkọ́kọ́ bá ní nọ́ńbà ṣùgbọ́n tí ìkejì jẹ́ 0, àyè wà, iṣẹ́ kdump ni kò gbé kernel sí i. `journalctl -u kdump` á sọ ìdí rẹ̀ (lórí Ubuntu, `journalctl -u kdump-tools`).

`grep -i crash /proc/iomem` á fi àdírẹ́sì hàn, bí ẹ bá jẹ́ root. Ẹni tí kì í ṣe root á rí odo nìkan, ó sì lè rò pé kò sí nǹkan.

Kí ni `,high` àti `,low` wà fún?

Lórí x86_64, bí ẹ bá kọ `crashkernel=512M` lásán, kernel á kọ́kọ́ wá àyè lábẹ́ 4 GiB. Kernel tòde-òní á gòkè kọjá 4 GiB bí kò bá rí i nísàlẹ̀. `crashkernel=512M,high` ń sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìsàlẹ̀ 4 GiB jẹ́ ilẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Firmware àti àdírẹ́sì PCI ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni ìwọ̀n ńlá fi máa ń kùnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè fi í sílẹ̀ pátápátá: ohun-èlò tí DMA rẹ̀ jẹ́ 32-bit ò lè rí ohun tó wà lókè 4 GiB, swiotlb tó ń ràn án lọ́wọ́ sì nílò ó kéré tán 64 MiB àti 32 KiB nísàlẹ̀. Nítorí èyí, bí ẹ bá lo `,high`, kernel á tún mú apá kan lábẹ́ 4 GiB láì bi yín: ó kéré tán 256 MiB lórí x86_64, 128 MiB lórí arm64. Ìdí rèé tí `crashkernel=512M,high` fi ń jẹ 768 MiB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí x86_64, tí ẹ ó sì rí ìlà `Crash kernel` méjì nínú `/proc/iomem`. Àṣìṣe kọ́.

Ẹ lè yan iye ìsàlẹ̀ fúnra yín:

`crashkernel=512M,high crashkernel=128M,low`

`crashkernel=0,low` ń yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ má ṣe é àfi bí ẹ bá mọ̀ dájú pé kò sí ohun-èlò 32-bit lójú ọ̀nà dump, kí ẹ sì ti dán an wò. Bí `,high` kò bá sí, kernel kì í ka `,low` sí.

dmesg ń sọ pé `cannot allocate crashkernel`, tàbí `crashkernel reservation failed`. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá `@` wà nínú rẹ̀, bíi `crashkernel=256M@16M`. Àdírẹ́sì yẹn wá láti inú ìlànà àtijọ́. Ó ń fipá mú kernel láti lo ibì kan pàtó. Bí nǹkan bá ti wà níbẹ̀, ó parí, kò ní wá ibòmíràn. Ẹ yọ `@16M` kúrò. Bí kò bá sí `@`, ẹ fi `,high` kún un. Bí ó bá ṣì kùnà, ẹ dín iye kù títí yóò fi wọlé, kí ẹ lè mọ ibi tí ìṣòro dúró sí.

Kernel kejì jí, ṣùgbọ́n dump ò parí. Mo rí vmcore-incomplete nìkan, tàbí kí n má rí nǹkan kan.

Àyè ló kéré jù lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹ má méfò, ẹ wò ó. Ẹ so serial console mọ́ ọn, `console=ttyS0,115200`, nítorí ojú iboju lásán sábà máa ń dúdú nígbà tí kernel kejì bá gorí oyè. Bí ẹ bá rí `Out of memory: Killed process` tàbí `System is deadlocked on memory`, àyè ni. Bí ẹ bá rí pé ó ń dúró de dísìkì tí kò yọjú, driver ló sọnù nínú initramfs. Àfikún mẹ́mọ́rì ò lè wo ìyẹn sàn.

Tó bá jẹ́ àyè, kí ẹ tó fi kún un, ẹ wo ohun tí kernel kejì jogún láti orí ìlà àṣẹ ti àkọ́kọ́. `hugepages=` ni apànìyàn tó gbajúmọ̀ jù. Server database tó ní `hugepages=20000` yóò sọ fún kernel kejì tó ní 256 MiB pé kó ya hugepage (ojúewé mẹ́mọ́rì ńlá) sọ́tọ̀, á sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. `log_buf_len=`, `slub_debug` àti `cma=` ń ṣe bákan náà. Ní RHEL, `KDUMP_COMMANDLINE_REMOVE` nínú `/etc/sysconfig/kdump` ló ń yọ wọ́n; bí ẹnì kan bá ti tún ìlà yẹn kọ, ẹ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà ẹ wo `KDUMP_COMMANDLINE_APPEND` (ní Ubuntu, `KDUMP_CMDLINE_APPEND` nínú `/etc/default/kdump-tools`). `nr_cpus=1` gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lórí x86_64: ọ̀pọ̀ driver ń ṣí ìlà kan fún CPU kọ̀ọ̀kan, CPU kan túmọ̀ sí ìlà kan. `reset_devices` ń sọ fún driver pé ipò tí hardware wà kò mọ́. `cgroup_disable=memory` ń dá mẹ́mọ́rì díẹ̀ padà. Driver tí kò kan ọ̀nà dump, irú bíi ti GPU, ẹ fi `rd.driver.blacklist=` dè é, tàbí kí ẹ fi `dracut_args --omit-drivers` sínú `/etc/kdump.conf` kó má tilẹ̀ wọ initramfs. `kdumpctl rebuild` á tún initramfs kọ́, `kdumpctl restart` á gbé e sínú àyè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ mẹ́mọ́rì gan-an, ẹ fi `rd.memdebug=3` sí ìlà àṣẹ kernel kejì. Dracut á máa tẹ ipò mẹ́mọ́rì jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Dísìkì mi wà lábẹ́ LUKS (ìtì dísìkì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà). Ṣé dump máa ṣiṣẹ́?

Ìṣòro méjì pàdé níbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà fún kernel kejì, èyí tí kò ṣeé ṣe lórí server tí kò sẹ́ni níwájú rẹ̀. LUKS2 sì ń lo Argon2, ọ̀nà tó ń sọ ọ̀rọ̀ aṣínà di kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ṣe kí ó máa jẹ mẹ́mọ́rì ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Cryptsetup lè lò tó 1 GiB láti ṣí kọ́kọ́rọ́ kan. 256 MiB ò tó rárá. Ẹ fi dump ránṣẹ́ sí NFS tàbí SSH, tàbí kí ẹ ní partition kan tí a kò tì fún dump nìkan. Ti ìkejì yìí ní ewu tirẹ̀: vmcore lè ní kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀rọ̀ aṣínà nínú, ẹni tó bá sì gbé dísìkì náà lọ á kà á.

Ṣé àyè dísìkì gbọ́dọ̀ tó RAM?

Rárá, bí makedumpfile bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní RHEL, ìlà tó wà nínú `/etc/kdump.conf` ni:

`core_collector makedumpfile -l --message-level 7 -d 31`

31 jẹ́ àpapọ̀ 1, 2, 4, 8 àti 16: ojúewé tó kún fún odo, cache lásán, cache àdáni, dátà àwọn ètò olùmúlò, àti ojúewé tó ṣófo. Gbogbo wọn ni yóò fò. Ohun tó kù jẹ́ mẹ́mọ́rì kernel fúnra rẹ̀, tí `-l` á sì fi lzo fún pọ̀. Bí ẹ bá nílò dátà olùmúlò nínú dump, ẹ yọ 8 kúrò kí ó di 23, kí ẹ sì wá àyè púpọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń fi SSH ránṣẹ́, ẹ fi `-F` kún un.

Báwo ni mo ṣe ń dán an wò?

Nípa mímọ̀ọ́mọ̀ dá kernel kú. Gbogbo ohun tí `kdumpctl status` ń sọ jẹ́ ìlérí. Vmcore tó ṣí nìkan ni ẹ̀rí. Ẹ dá iṣẹ́ orí ẹ̀rọ dúró, ẹ ṣe `sync`, kí ẹ wá ṣe:

`echo 1 > /proc/sys/kernel/sysrq`
`echo c > /proc/sysrq-trigger`

Ẹ̀rọ á kú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá padà, ẹ wo inú `/var/crash`. Fọ́dà tí a fi déètì sọ lórúkọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú `vmcore` ní RHEL tàbí `dump.` pẹ̀lú déètì ní Ubuntu. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ṣí i. Ní RHEL, pẹ̀lú kernel-debuginfo tó bá ẹ̀dà kernel mu gẹ́lẹ́:

`crash /usr/lib/debug/lib/modules/$(uname -r)/vmlinux vmcore`

Bí `bt` bá fi ìlà ìpè hàn, iṣẹ́ ti pé. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn gbogbo ìyípadà tó kan kernel, HBA, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí ibi tí dump ń lọ.

Ẹ̀rọ mi dì pa, kò panic, kò sì sí dump. Ṣé àyè ló kéré?

Kò kan àyè. Kdump kì í jí àfi bí kernel bá panic. Ẹ fi `kernel.panic_on_oops=1` sínú sysctl kí oops (àṣìṣe kernel tí kì í pa á lójú ẹsẹ̀) má kàn kọjá lọ. Fún ẹ̀rọ tó dì pa, ẹ fi `kernel.unknown_nmi_panic=1` kún un; lẹ́yìn náà, láti ẹ̀rọ mìíràn, ẹ fi `ipmitool chassis power diag` rán NMI (àmì ìdádúró tí CPU kò lè kọ̀) sí i, ìyẹn á sì sọ dídì di panic.

Secure Boot ń kọ̀ kí kernel kejì wọlé.

Ẹ lo `kexec -s`, tó ń gba kexec_file_load kọjá, kí kernel kejì sì ní àmì ìfọwọ́sí tí ẹ̀rọ gbà. Lábẹ́ lockdown (ipò tí kernel fi ń dí ọ̀nà tó lè yí i padà), ọ̀nà àtijọ́ kexec_load ti pa.

Kí ni `crashkernel=…,cma`?

Ó wà nínú kernel láti 6.17. Ẹ lè kọ `crashkernel=128M crashkernel=384M,cma`: 128M ni a yà sọ́tọ̀ ní tòótọ́, tí kernel kejì àti initramfs ń gbé; 384M wà lọ́wọ́ àwọn ètò olùmúlò títí ọjọ́ ìdákú, kernel kejì á sì wá gbà á. Ó dára lójú fún ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ DMA. 384M yẹn kì í ṣe ilẹ̀ mímọ́ mọ́, ohun-èlò kan ṣì lè máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ojúewé tó wà níbẹ̀ kò sì ní wọ vmcore, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ dátà olùmúlò. Ẹ lò ó níbi tí yíyàn bá jẹ́ dump tó lè kùnà tàbí kí dump má sí rárá. Lórí server tó ní RAM tó, ẹ ya àyè sọ́tọ̀ pátápátá.

Mo ya púpọ̀ jù sọ́tọ̀. Ṣé mo lè dá díẹ̀ padà láì tún ẹ̀rọ tàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n sísàlẹ̀ nìkan. Ẹ kọ́kọ́ yọ kernel kejì kúrò nínú àyè rẹ̀ pẹ̀lú `kdumpctl stop` (ní Ubuntu, `kdump-config unload`), kí ẹ wá kọ iye tuntun ní byte:

`echo 268435456 > /sys/kernel/kexec_crash_size`

Lẹ́yìn náà `kdumpctl start` tàbí `kdump-config load`. Bí ẹ bá gbàgbé láti yọ kernel kejì, kernel á dá `No such file or directory` padà fún yín, èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nítorí fáìlì náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, `Invalid argument` ni. Iye tí ẹ dín kù yìí wà títí ẹ̀rọ yóò fi tún tàn. Nígbà yẹn, ohun tó wà lórí ìlà àṣẹ ni yóò padà wá, nítorí náà ẹ lọ yí òun náà padà.